Owó orí ilé fẹ́ lé wa kúrò ní Texas: ṣé ká tà á ni, àbí ká fara dà á?

ỌmọOnílé kọ ọ́ pé:

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ kan wọ̀ wá lọ́rùn, mo sì fẹ́ kí àwọn tó ti nílé ṣáájú wa gbà wá nímọ̀ràn.

Oṣù Karùn-ún ọdún 2024 ni èmi àti ìyàwó mi ra ilé tuntun ní kaúńtì Fort Bend (kaúńtì dà bí ìjọba ìbílẹ̀), lẹ́bàá Houston. 390,000 dọ́là la rà á. Àwa gan-an la kọ́kọ́ gbé inú rẹ̀, òórùn ọ̀dà ṣì wà lára ògiri nígbà tí a kó wọlé. Mọ́gééjì (gbèsè tí a fi ra ilé), ìnṣọ́ránsì àti owó orí ilé, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 2,550 dọ́là lóṣù. A ṣírò rẹ̀, ó bá owó iṣẹ́ wa mu, a sì tún ń rí nǹkan fi pamọ́.

Lẹ́tà wá dé lóṣù tó kọjá. Wọ́n ní láti oṣù Kẹrin, 4,145 dọ́là la ó máa san lóṣù. Mo rò pé àṣìṣe ni. Mo pe iléeṣẹ́ tó yá wa lówó, ẹni tó gbé fóònù ní owó orí ilé ló gòkè. Ẹ wò ó: ní 2024, 1,740 dọ́là ni owó orí wa fún odidi ọdún. Ní 2025, ó di 11,310. A ò kọ́ yàrá kankan kún un, àní ọgbà gan-an a ò tíì ṣe.

Ìyàwó mi ní ká tà á, ká kó lọ bá àbúrò òun ní Georgia. Àbúrò yẹn ní owó orí ilé òun ò tó ìdajì tiwa. Ẹni tó bá ti kó kúrò níbì kan rí nítorí owó orí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò kábàámọ̀?

Oníṣirò kọ ọ́ pé:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín, torí pé ojoojúmọ́ ni mò ń rí irú rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ mi.

Ní Texas, bí ilé ṣe wà ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ni wọ́n fi ń ṣírò owó orí ọdún náà. Ní ọjọ́ yẹn lọ́dún 2024, ilẹ̀ lásán ló wà níbẹ̀, bóyá pẹ̀lú ìpìlẹ̀. Owó orí ilẹ̀ lẹ san. Ọdún 2025 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ilé lójú. Ẹ pín 11,310 sí 390,000, ẹ ó rí i pé ìdá 2.9 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ìdá yẹn ò gòkè o. Ó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ tí ẹ ti tọwọ́ bọ̀wé, kò kàn sẹ́ni tó fi hàn yín ni.

Bó ṣe di 4,145 nìyí. Tẹ́lẹ̀, 145 dọ́là ni wọ́n ń yọ sọ́tọ̀ lóṣù fún owó orí, nínú àpò tí wọ́n ń pè ní escrow. Nígbà tí bíìlì dé, àwọn tó yá yín lówó ló san án, àpò yẹn sì fi 9,570 dọ́là dín. Wọ́n fẹ́ gba 9,570 náà láàárín oṣù 12, ìyẹn bíi 798 lóṣù. Wọ́n sì tún fẹ́ máa yọ 943 fún ti ọdún tuntun dípò 145. Ìdajì ohun tó já lé yín lórí yìí, gbèsè ọdún kan ṣoṣo ni. Bó bá tán, ẹ ó padà sí nǹkan bíi 3,350. Ẹ má fi 4,145 pinnu ibi tí ẹ máa gbé.

Ìbéèrè kan: ṣé ẹ ti kọ̀wé gba homestead?

AyálégbéNiMí kọ ọ́ pé:

Ìdí tí mo fi ń yá ilé gbé nìyí. Ẹ kú ìnáwó o, ẹ̀yin olówó 😂

BàbáTíṣà kọ ọ́ pé:

@AyálégbéNiMí, ọmọ mi, rọra rẹ́rìn-ín. Owó orí onílé rẹ, ta lo rò pé ó ń san án? Inú rẹ́ńtì rẹ ló wà. Ó wá yàtọ̀ ní ti pé ilé tí wọ́n fi ń gba rẹ́ńtì ò ní àǹfààní homestead, torí náà o tilẹ̀ lè máa san ju ẹni tó ń gbé inú ilé ara rẹ̀ lọ. O kàn ń san án láì rí bíìlì ni.

ÌyáJersey kọ ọ́ pé:

ỌmọOnílé, ẹ kú ọ̀ràn. Èmi ti lo ọdún 28 ní New Jersey, kò sì sí ìpínlẹ̀ tó lè sọ̀rọ̀ owó orí ilé níwájú wa. Láti 2024 ni ohun tí onílé kan ń san lọ́dún níbí, tí a bá dá gbogbo rẹ̀ pọ̀ tí a pín in dọ́gba, ti kọjá 10,000 dọ́là. A tún ń san owó orí lórí owó iṣẹ́ pẹ̀lú. Láti 2018 sì ni ìjọba àpapọ̀ ti ní a ò gbọ́dọ̀ torí owó orí ìpínlẹ̀ àti ti ilé yọ ju 10,000 lọ kúrò nínú owó tó wọlé fún wa nígbà tí a bá ń ṣírò owó orí tiwọn. Ó dùn wá dé egungun. Ọdún 2025 ni wọ́n tó gbé e sí 40,000.

Kí ló dé tí mi ò kúrò? Ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ mẹ́ta ló jáde láti ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tó wà lójú pópó wa, kò sí èyí tí mo san owó ilé ẹ̀kọ́ fún títí wọ́n fi dé yunifásítì. Nígbà yẹn, bí mo bá ń san owó orí, mo mọ ohun tí mò ń rà.

Ní báyìí, àwọn ọmọ ti lọ. Mo san gbèsè báńkì tán ní 2019, a jó, a yọ̀. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń san 960 dọ́là lóṣù kí n tó lè sùn nínú ilé tó jẹ́ tèmi. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ogójì ọdún nìyí: gbèsè báńkì ní ọjọ́ tó máa tán, owó orí ò ní. Owó oṣù mi ló kọ́kọ́ tán.

Ìjọba ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Senior Freeze fún àwa tó ti pé ọdún 65: bí owó orí bá gòkè lẹ́yìn ọdún tí o kọ́kọ́ wọ inú ètò náà, wọ́n á dá ẹ̀kún rẹ̀ padà fún ọ, bí owó tó ń wọlé fún ọ ò bá ju iye kan lọ. Àmọ́ o ní láti kọ́kọ́ san gbogbo rẹ̀ ná. Mo ń rò ó pé kí n ré odò kọjá sí Delaware.

ỌmọDelaware kọ ọ́ pé:

Mọ́mì, ẹ dákun ẹ dúró ná, ẹ gbọ́ tẹnu mi kí ẹ tó di ẹrù.

Torí owó orí tó kéré ni mo ṣe wá sí kaúńtì New Castle. Kò sí owó orí lórí ọjà rírà níbí, ti ilé náà ò tó nǹkan. Ohun tí mi ò bi ara mi ni pé kí ló mú un kéré. Wọn ò tún iye ilé yẹ̀ wò níbí láti 1983! Ilé tí wọ́n kọ́ ní 1983 àti èyí tí wọ́n kọ́ lánàá, iye ayé ìgbà yẹn ni wọ́n fi ń wọ̀n wọ́n. Ní 2020, ilé ẹjọ́ ní irú rẹ̀ ò bófin mu, gbogbo kaúńtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà ní Delaware sì ní láti tún ilé yẹ̀ wò. Bíìlì tuntun dé ní 2025. Iye ilé gbígbé ti fò ju ti ilé ìtajà àti ọ́fíìsì lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù náà sún kúrò lórí wọn, ó bọ́ sórí wa. Tèmi kúrò ní 3,100, ó di 4,600. Ariwo pọ̀ débi pé wọ́n pe àwọn aṣòfin padà láti ibi ìsinmi lóṣù Kẹjọ.

Ó ṣì dín sí ti Jersey púpọ̀, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n èmi ti fi 3,100 ṣètò ayé mi.

Ará_Pasífíìkì kọ ọ́ pé:

Ní California, òdìkejì ọ̀rọ̀ yín ló ń ṣe mí, ẹ ó sì rẹ́rìn-ín.

Òfin kan wà níbí tí àwọn ará ìlú dìbò fún ní 1978, Proposition 13. Ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí o fi ra ilé ni owó orí, pẹ̀lú díẹ̀ tí àdúgbò lè fi kún un. Iye tí wọ́n ń fi ṣírò rẹ̀ ò sì lè gòkè ju ìdá 2 lọ lọ́dún títí dìgbà tí o bá tà á. Mo ra tèmi ní 2011 ní 410,000. Aládùúgbò mi ra tirẹ̀ ní 2022 ní 1,150,000. Ilé kan náà ni, ẹni kan náà ló kọ́ méjèèjì. Èmi ń san bíi 6,500 lọ́dún, òun ń san 13,800. Tí a bá pàdé níbi tí a ń gbé ìdọ̀tí sí, mi ò kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé ibẹ̀.

Ṣé mo wá rí jẹ? Ibi iṣẹ́ mi ti kó lọ sí ibi tó jìn ní máìlì 60. Wákàtí mẹ́ta ni mò ń lò lójú ọ̀nà lójúmọ́. Bí mo bá ta ilé yìí tí mo ra irú rẹ̀ lẹ́bàá ibi iṣẹ́, owó orí mi á ju ìlọ́po méjì lọ. Mo dà bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ ìdí igi. Koríko ò wọ́n, okùn ni kò gùn. Láti 2021, ẹni tó bá ti pé ọdún 55 lè gbé owó orí àtijọ́ rẹ̀ lọ sí ilé mìíràn nínú ìpínlẹ̀ yìí. Ọdún 48 ni mí. Mò ń ka ọjọ́.

AsọTòótọ́ kọ ọ́ pé:

Ẹ kàn ń yí ọ̀rọ̀ ká. Ìjọba ló ni gbogbo ilé yín, rẹ́ńtì lẹ̀ ń san fún wọn. Ẹ má san án wò, wọ́n á gba ilé, wọ́n á tà á, wọ́n á sì kó gbogbo owó rẹ̀ lọ!

BàbáTíṣà kọ ọ́ pé:

Èyí tó gbẹ̀yìn nínú ọ̀rọ̀ rẹ ti yí padà. Ìyá àgbàlagbà kan, Geraldine Tyler, ló pe kaúńtì Hennepin ní Minnesota lẹ́jọ́. Gbèsè owó orí rẹ̀ pẹ̀lú èlé àti ìtanràn jẹ́ bíi 15,000 dọ́là, wọ́n ta ilé rẹ̀ ní 40,000, wọn ò fún un ní kọ́bọ̀. Ní 2023, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fohùn ṣọ̀kan pé kaúńtì ò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ohun tó ṣẹ́ kù sápò. Ẹni ọdún 94 ni màmá náà nígbà yẹn.

Ṣùgbọ́n pé wọ́n lè ta ilé, òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí èèyàn ra ilé tí owó orí rẹ̀ á máa fún un lọ́rùn.

Nípa pé olè ni wọ́n: títí mo fi fẹ̀yìn tì, owó orí ilé ló san apá tó pọ̀ nínú owó oṣù mi. Bí o bá kó lọ síbi tí kò ti sí owó orí, lọ wo bọ́ọ̀sì tó ń gbé àwọn ọmọ ibẹ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́ kí o tó yọ̀.

ỌmọOnílé kọ ọ́ pé:

Ẹ ṣé gan-an ni. @Oníṣirò, ojú ń tì mí láti bèèrè: kí ni wọ́n ń pè ní homestead? Éjẹ́ǹtì tó tà wá nílé ò dárúkọ rẹ̀. Lẹ́tà kan wá nígbà náà tó ní ká san owó kí wọ́n bá wa ṣe é, a rò pé gbájúẹ̀ ni, a jù ú nù.

Oníṣirò kọ ọ́ pé:

Hà! Ẹ jókòó dáadáa.

Ẹ ṣe dáadáa pé ẹ ò san owó yẹn. Ọ̀fẹ́ ni homestead. Lọ́fíìsì tó ń díye lé ilé ní kaúńtì yín lẹ ti máa gba fọ́ọ̀mù, orí íntánẹ́ẹ̀tì gan-an ẹ lè ṣe é. Ẹni tó bá ń gbé inú ilé ara rẹ̀ ló wà fún. Láti ọdún 2025, wọ́n á yọ 140,000 dọ́là kúrò nínú iye ilé kí wọ́n tó ṣírò owó orí ti ilé ẹ̀kọ́. Ní 2022, 40,000 péré ni. Bí ti ilé ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ yín bá jẹ́ 1 dọ́là àti sẹ́ńtì 10 lórí 100 dọ́là, 1,540 dọ́là lọ́dún nìyẹn, ẹ sì jù ú sí ààtàn.

Ẹ lè gbà á padà. Texas gbà kí ẹni tó pẹ́ kọ̀wé, títí di ọdún méjì lẹ́yìn ọjọ́ tí owó orí ọdún náà di gbèsè. Èkejì: bí homestead bá ti wà, iye tí wọ́n ń fi ṣírò owó orí yín ò lè gòkè ju ìdá 10 lọ lọ́dún. Ẹ̀kẹta: bí iye tí wọ́n bá kọ ránṣẹ́ lọ́dún yìí bá ju ohun tí ilé tó wà ní àdúgbò yín ń mú wá lọ́jà, ẹ takò ó. Ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ni gbèdéke, tàbí ọjọ́ 30 lẹ́yìn tí wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́, èyí tó bá pẹ́ jù nínú méjèèjì.

Ẹ bẹ àwọn tó yá yín lówó pẹ̀lú, kí wọ́n na gbèsè 9,570 yẹn dé oṣù 24. Ọ̀pọ̀ wọn á gbà bí ẹ bá bèèrè, wọn ò kàn ní fẹnu ara wọn sọ ọ́ ni.

Àkàndé_ATL kọ ọ́ pé:

Ará Georgia dé. Ẹ jẹ́ kí n bá ìyàwó yín sọ̀rọ̀, torí mo fẹ́ kí ẹ wá, ṣùgbọ́n kí ẹ má wá torí irọ́.

Òótọ́ ni àbúrò yín sọ. 4,500 lèmi ń san lórí ilé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tiyín. Ẹ wá gbé èkejì kalẹ̀: Texas ò gba kọ́bọ̀ lórí owó iṣẹ́, Georgia ń gbà, nǹkan bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá ń gba 140,000 lọ́dún, lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ohun tí òfin ní kí wọ́n yọ, bíi 6,000 dọ́là ló máa lọ. 6,000 àti 4,500 jẹ́ 10,500. Tiyín ní Texas lẹ́yìn homestead, 9,770. Ìyẹn ni pé ẹ ó ta ilé, ẹ ó san owó éjẹ́ǹtì, ẹ ó tún mọ́gééjì gbà, ẹ ó wáṣẹ́ tuntun, kí ẹ lè wá máa fi bíi 700 dọ́là san ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lọ́dún.

Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ̀yìn tì ni ìṣirò yẹn ń yí padà. Georgia ò fọwọ́ kan 65,000 àkọ́kọ́ nínú owó ìfẹ̀yìntì ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ti pé 65. Ní kaúńtì Cobb, ẹni tó bá ti pé 62 kì í san owó orí ti ilé ẹ̀kọ́ mọ́ lórí ilé tó ń gbé, òun ló sì pọ̀ jù nínú bíìlì.

Oníṣirò kọ ọ́ pé:

Àkàndé ti sọ ọ́ tán. Nǹkan méjì péré ni màá fi kún un.

Àwọn èèyàn máa ń rò pé ibi tí owó orí ti kéré, èrè ni. Ẹni tó ń ta ilé níbẹ̀ náà mọ̀ ọ́n ṣírò. Bí ilé méjì bá jọra tí owó orí ọ̀kan fi 5,000 dín lọ́dún, gbogbo ẹni tó ń wá ilé ló máa sáré lọ sí ìyẹn, iye rẹ̀ á gòkè. Ohun tí o rò pé o gbà lọ́wọ́ kaúńtì, o ti kó o fún ẹni tó tà á fún ọ.

Èkejì, ẹ̀yin tó wà ní Houston: kí ẹ tó wo ìpínlẹ̀ mìíràn, ẹ wo òdìkejì títì. Púpọ̀ nínú ìdá 2.9 yẹn lè jẹ́ ti MUD, ìyẹn àjọ tó yáwó láti fi ri páìpù omi àti gọ́tà sí àdúgbò tuntun. Bí ilé ṣe ń pọ̀ sí i tí gbèsè wọn sì ń tán lọ, ìdá wọn máa ń wálẹ̀. Àdúgbò tó ti pé ogún ọdún lè fi odidi ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí tuntun tó kọjú sí i. Ilé rẹ̀ ò ní rẹwà tó tiyín o, bálùwẹ̀ rẹ̀ lè jẹ́ aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú.

AyálégbéNiMí kọ ọ́ pé:

Bálùwẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú ni mò ń lò báyìí, mo sì ń san owó orí ẹlòmíràn lé e. Mo ti dákẹ́.

ỌmọOnílé kọ ọ́ pé:

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo ní kí n padà wá jíṣẹ́.

Wọ́n ti gba homestead wa wọlé, ti 2025 pẹ̀lú. Fọ́ọ̀mù náà ò gbà ju ogún ìṣẹ́jú, ìwé àṣẹ ìwakọ̀ tí a ò tíì yí àdírẹ́sì rẹ̀ padà ló dá wa dúró. Àwọn tó yá wa lówó gbà láti na gbèsè dé oṣù 24. Bí kaúńtì bá dá 1,540 padà, 3,554 la ó máa san. Ó ṣì fi bíi 1,000 ju ohun tí a rò nígbà tí à ń ra ilé lọ. Ìyàwó mi ti padà sí iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé.

A ò lọ sí Georgia lọ́dún yìí. Ṣùgbọ́n ọkàn òun ò kúrò níbẹ̀, ó sì ní ìdí tirẹ̀: àbúrò rẹ̀ lè bá wa wo ọmọ, èyí tí kò sí nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni níbí. Ohun tí a fẹnu kò lé lórí ni pé bí gbèsè yìí bá tán, a ó wo àwọn ilé àtijọ́ ní apá ibi tí mò ń ṣiṣẹ́. Alaalẹ́ ni ìyàwó mi ń ka ìdá owó orí wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí. Èyí tó bá ti lé ní 2.2, kì í wo fọ́tò rẹ̀.

ÌyáJersey kọ ọ́ pé:

Ẹ kú oríire, ẹ̀yin ọmọ mi.

Àkàndé, ọmọ dáadáa, ọ̀rọ̀ Cobb tí o sọ lọ́jọ́sí ò jẹ́ kí n sùn. Ọdún 67 ni mí. Ṣé mo ní láti ti gbé ibẹ̀ fún ọdún díẹ̀ kí wọ́n tó yọ ti ilé ẹ̀kọ́ fún mi, àbí ọdún tí mo bá ti dé ni? Lọ bá mi bèèrè dáadáa, má fi ti ẹnu lásán dá mi lóhùn. Ọmọ mi obìnrin wà ní Marietta, ní kaúńtì Cobb yẹn gan-an. Màá kọ́kọ́ lọ lo oṣù Keje àti Kẹjọ lọ́dọ̀ rẹ̀ ná, kí n mọ̀ bóyá ara mi á gba ooru yẹn, kí n tó fọwọ́ kan ilé Jersey.